Ìwé Ìlànà Ajórinmọ́rin

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, ọkọ̀ agbépo ńlá kan tí ń jẹ́ Schenectady wà ní ìdákọ̀ró létí èbúté ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ titun ni. Ibi tí wọ́n ti lọ dán an wò lójú omi ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Kò tí ì ru ẹrù lọ sí ibi kankan rí. Ìjì kò jà, ìgbì kò ru, odò tí ó léfòó lé sì pa rọ́rọ́ bí omi inú àwo. Òtútù nìkan ni ó mú, nítorí ìgbà òtútù ni ní ilẹ̀ náà. Lójijì ni ohun kan dún bí àrá, tí àwọn tí ó wà ní nǹkan bí máìlì kan sí èbúté gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa sáré dé etí omi, ọkọ̀ náà ti ṣẹ́ ní agbede-méjì. Ilẹ̀ òkè rẹ̀ ti ya láti ìhà kan dé èkejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti ya títí dé ìsàlẹ̀. Irin abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ṣì dì í mú. Àárín rẹ̀ gbé sókè kúrò nínú omi bí ẹ̀yìn ológbò tí inú ń bí, imú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sì jókòó sí ìsàlẹ̀ odò.

Ìyàlẹ́nu ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó kan ọkọ̀ náà. Kí ni ì bá dá ọkọ̀ tí òkun kò tí ì bá jà sí méjì? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń kan ọkọ̀ láyé àtijọ́ àti bí a ti ń kàn án nígbà náà. Tẹ́lẹ̀ rí, ìṣó olórí bọ̀ǹbọ̀ ni a fi ń kan pẹrẹsẹ irin kan mọ́ èkejì: a ó lu ihò sí ara irin méjèèjì, a ó ki ìṣó gbígbóná bọ̀ ọ́, a ó sì fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi di olórí méjì. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, irin púpọ̀ ni ó sì ń jẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ti ń ri ọkọ̀ ẹrù lọ́tùn-ún lósì, àwọn ará Amẹ́ríkà rí i pé bí àwọn bá dúró ti ìṣó, ogun lè parí kí ọkọ̀ tó pé. Wọ́n fi ìṣó sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná jó irin mọ́ irin. Láàárín ọdún 1941 sí 1945, irú ọkọ̀ ẹrù kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní Liberty, ni wọ́n kàn tí iye rẹ̀ jẹ́ 2,710. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó irin náà jẹ́ àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìsọ̀ àti ìyàwó ilé tí kò fọwọ́ kan irin gbígbóná rí kí ogun tó dé.

Àwọn ọlọ́gbọ́n tí ìjọba yàn láti wádìí bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń sán kò dá ẹ̀bi fún ohun kan ṣoṣo. Irin ìgbà náà ní àìsàn kan: bí òtútù bá mú un kọjá ìwọ̀n kan, kì í tẹ̀ mọ́, ṣe ni ó ń fọ́ bí ìkòkò amọ̀. Obìnrin onímọ̀ kan ní Yunifásítì Cambridge, Constance Tipper, ni ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Bákan náà, igun ẹnu ihò tí a ń gbà kó ẹrù sínú àwọn ọkọ̀ Liberty mú ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ igun ni agbára tí ń fa irin máa ń kó jọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jùlọ: àbùkù wà lójú ibi tí a ti jó irin, àbùkù kékeré tí ẹni tí ń kọjá kò lè rí. Àwọn Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu kékeré yìí ni ibi sísán náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ oníṣòó, bí pẹrẹsẹ irin kan bá sán, etí pẹrẹsẹ náà ni yóò sábà dúró sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a jó pọ̀ ti di irin kan ṣoṣo láti imú dé ìdí, ọ̀nà sì là sílẹ̀ fún ibi sísán láti sáré dé ibi tí ó bá wù ú.

Láti mọ ìdí tí àbùkù fi ń wọ ojú ìjó, a ní láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ajórinmọ́rin bá fi ẹnu ọ̀pá ìjó kan irin, tí ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀, iná mànàmáná yóò fò la àlàfo tí ó wà láàárín wọn kọjá, ooru rẹ̀ yóò sì ju 3,000 dígírì lọ. Ní nǹkan bí 1,500 dígírì ni irin ń yọ́. Nítorí náà, irin ìsàlẹ̀ yóò yọ́, ẹnu ọ̀pá náà yóò yọ́, àwọn méjèèjì yóò sì dà pọ̀ di adágún kékeré kan tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Bí ọwọ́ ti ń sún síwájú ni adágún yìí ń tẹ̀ lé e, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ohun tí ó jẹ́ omi ti padà di irin. Ní ìwọ̀nba ìgbà yẹn, ohun púpọ̀ lè bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ lè wọ inú adágún náà kí ó sì fi ihò sílẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Ìdàrọ́ lè há sínú rẹ̀. Ìdí oríkèé náà lè má yọ́ rárá, tí òkè yóò dì mọ́ra, tí ìsàlẹ̀ yóò sì là sílẹ̀ bí ìwé tí a fi àtè lẹ̀ létí nìkan. Irin tí ó wà ní ìtòsí, tí kò yọ́ ṣùgbọ́n tí ó gbóná púpọ̀, lè yí ìwà padà, kí ó le ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà tí irin tútù tí ó yí i ká bá yára fa ooru rẹ̀ lọ.

Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ. Ojú a máa rí ojú ìjó tí ó dán, tí ó tò bí ìpẹ́ ẹja, a ó sì yin ẹni tí ó ṣe é, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ lè ti bàjẹ́ bí iṣu tí kòkòrò ti wọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ inú iṣu yóò gé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé ọkọ̀ ojú omi, tàbí ìkòkò ńlá tí ń se omi fún ẹ̀rọ, láti wo inú rẹ̀? A lè fi ìtànṣán X ya àwòrán inú irin, a sì lè fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wá ihò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò lè sọ bí irin náà ti lágbára tó, tàbí bí yóò ti ṣe nínú òtútù. Ẹ̀rí tí ó dájú jùlọ nípa agbára oríkèé ni kí a fà á títí yóò fi já. Oríkèé tí ó bá sì ti já kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọgbọ́n tí a dá sí ìṣòro yìí ni láti ṣe ìbejì oríkèé náà: irin kan náà, ọ̀pá kan náà, iná kan náà. Ìbejì kan ni a ó fà já, èkejì ni a ó lò. Kí èyí tó lè ní ìtumọ̀, ó gbọ́dọ̀ dájú pé ìbejì ni wọ́n ní tòótọ́, ìyẹn ni pé kò sí ohun kan tí a ṣe sí ọ̀kan tí a kò ṣe sí èkejì. Ibí yìí ni ìwé ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé arọ rí ní ilẹ̀ Yorùbá lè béèrè pé, ìwé ha ni àwọn baba ńlá fi ń rọ ọkọ́ àti àdá? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ni ọ̀gá alágbẹ̀dẹ fi ń mọ̀ bí irin ti gbóná tó: ó ń wo àwọ̀ rẹ̀ láti pupa ṣókùnkùn dé pupa bí ọsàn tí ó pọ́n, títí dé funfun tí iná ń ta jáde lára rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tí ń fín ẹwìrì fún un yóò wo iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tirẹ̀ tó là. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ni ohun náà wà. Èyí kò burú, nítorí bí ọkọ́ bá ṣẹ́, àgbẹ̀ tí ó ni ín mọ ilé ẹni tí ó rọ ọ́, ìjà kékeré ni yóò sì parí rẹ̀. Bí ìkòkò tí ń se omi fún ẹ̀rọ bá bẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò rù ú padà lọ bá ẹni tí ó ṣe é. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹgbẹ̀rún oríkèé lè wà lára ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni yóò jó wọn, lọ́sàn-án àti lóru, ẹni tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a óò parí rẹ̀. Ọgbọ́n orí ẹnìkan kò lè tó wọn pín.

Ìwé ìlànà ìjórin jẹ́ ìwé ojú kan tàbí méjì, tí ẹnjiníà ń kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn nínú rẹ̀. Orúkọ irin, sísanra rẹ̀, bí a ti ń gé etí rẹ̀, irú ọ̀pá, ìwọ̀n iná, bí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ yára tó, ibi tí oríkèé kọjú sí: gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà. Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Pẹrẹsẹ irin méjì tí ó sanra ní mìlímítà 12 ni a fẹ́ jó pọ̀ ní etí sí etí. Bí a bá kàn gbá etí wọn pọ̀, iná kò ní wọ inú dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, a ó gé etí wọn dà, kí wọ́n di àfonífojì tí ẹnu rẹ̀ là tó 60 dígírì, a ó sì fi àlàfo mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí iná lè rí ọ̀nà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá rò pé àlàfo náà tóbi jù, tí ó sì dín in kù sí mìlímítà kan kí iṣẹ́ lè yá, ìdí oríkèé náà lè má yọ́. Òkè rẹ̀ yóò sì dán síbẹ̀.

Lórí ọ̀pá ìjó, tí àwọn wẹ́dà ń pè ní ẹlẹ́kítíródù, ìwé náà kò gba ẹ̀bẹ̀ rárá. Bí ó bá ní E7018, E7018 náà ni. 70 ń sọ pé irin tí ọ̀pá náà bá yọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ìfà 70,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó kí ó tó já. 1 ń sọ pé a lè lò ó ní ibi gbogbo, ìbáà jẹ́ nílẹ̀, lára ògiri tàbí lókè orí. 8 sì ń tọ́ka sí irú ẹ̀wù tí ó wọ̀. Ẹ̀wù yìí ni ó ń jóná di èéfín àti ìdàrọ́ tí ń bo adágún irin mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti E7018 ní ìwà kan tí ó yẹ kí ọmọ ilẹ̀ olójò fetí sí: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ ti ń ṣe. Omi tí ó bá wọ inú ẹ̀wù náà yóò tú háídírójìn sílẹ̀ nínú iná, háídírójìn yóò sì wọ inú irin yíyọ́. Kò ní ṣe ohunkóhun lójú ẹsẹ̀. A ó parí iṣẹ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i pé ó dára, a ó lọ sùn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, irin náà yóò sán fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà fi ń pàṣẹ pé, láti ìgbà tí a bá ti ṣí agolo wọn, inú ààrò kékeré tí ó gbóná tó 120 dígírì ni kí a máa tọ́jú ọ̀pá wọ̀nyí sí, kí ajórinmọ́rin sì máa mú ìwọ̀nba tí ó lè tètè lò jáde. Ìdí náà nìyí tí a fi ń dúró fún wákàtí 48 nígbà mìíràn kí a tó yẹ ojú ìjó wò. Ní Èkó tàbí ní Port Harcourt nígbà òjò, àṣẹ yìí kì í ṣe àṣejù.

Nítorí háídírójìn yìí kan náà, àti nítorí pé irin tí ó nípọn ń yára fa ooru lọ, ìwé lè pàṣẹ kí a kọ́kọ́ fi iná yá irin sí 100 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó jó o. Báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ti mọ̀ pé ó ti tó? Ẹfun kan wà tí a ṣe fún èyí, tí ó ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan pàtó: bí a bá fi fa ìlà sára irin, tí ìlà náà sì yọ́, irin ti gbóná tó. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ lè rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í mú ẹfun, a sì máa mú ojú.

Ìṣirò kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe. Bí fóòtì iná bá jẹ́ 24, tí áńpíà jẹ́ 120, tí ọwọ́ sì ń rin mìlímítà 150 ní ìṣẹ́jú kan, a ó sọ 24 di ìlọ́po 120, a ó tún sọ ọ́ di ìlọ́po 60, nítorí ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, a ó sì fi 150 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ júùlù 1,152 lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ooru tí iná ń fún irin. Bí ọwọ́ ajórinmọ́rin bá rọra jù, tí ó ń rin 75 péré, ooru náà di ìlọ́po méjì. Ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ó para pọ̀ di irin yóò wú, irin náà lè di ẹlẹgẹ́ nínú òtútù. Bí ó bá yára jù, irin yóò tutù ní kíákíá, yóò le gan-an, yóò sì fẹ́ máa sán. Lójú ẹni tí ń wò láti òkèèrè, ọwọ́ méjèèjì kò yàtọ̀.

Títí dé ibí yìí, ohun tí ẹnjiníà kọ kò ju ìlérí lọ. A ó mú irin ìdánwò wá, a ó pe ajórinmọ́rin tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ayẹ̀ṣẹ́wò yóò sì dúró tì í pẹ̀lú aago, mítà iná, ẹfun ooru àti kálàmù. Iṣẹ́ ayẹ̀ṣẹ́wò yìí rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ìwé bá ní áńpíà 120, tí mítà sì fi 131 hàn, 131 ni yóò kọ. Bí ó bá kọ 120 nítorí pé ohun tí ẹnjiníà fẹ́ nìyẹn, ìbejì tí a fẹ́ ṣe ti di àjèjì, gbogbo ìyà tí a ó fi jẹ irin náà lẹ́yìn èyí kò sì já mọ́ nǹkan kan.

Ìyà náà pọ̀. A ó gé irin ìdánwò sí wẹ́wẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní ASME, nínú Abala Kẹsàn-án ìwé òfin wọn lórí ìkòkò ẹ̀rọ, irin mìlímítà 12 yóò pèsè ègé méjì fún fífà àti ègé mẹ́rin fún títẹ̀. Ẹ̀rọ kan yóò di ègé tí a fẹ́ fà mú lórí àti nídìí, yóò sì máa fà á títí yóò fi já. Ojú ìjó kò gbọdọ̀ já kí ìfà náà tó dé ìwọ̀n tí a kọ fún irin fúnra rẹ̀. Àwọn tí a ó tẹ̀ ni ó máa ń wu ènìyàn láti wò jù. A ó gbé ègé náà lé orí ìdúró méjì, ẹ̀rọ yóò tì í láàárín títí yóò fi tẹ̀ di lẹ́tà U. Orí ibi tí ó tẹ̀ náà gan-an ni oríkèé wà, tí awọ òde rẹ̀ ń nà bí awọ ìlù. Ojú ìjó tí ìdàrọ́ há sínú rẹ̀ yóò la ẹnu níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ibi tí ó là bá gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ìdánwò náà kùnà.

Fún iṣẹ́ tí yóò wà nínú òtútù, ìdánwò kan tún wà tí a fi orúkọ Georges Charpy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè. A ó gé irin tí ó gùn ní mìlímítà 55, tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, a ó rẹ́ ẹ ní ẹnu kékeré kan láàárín, a ó mú un tutù dé ìwọ̀n òtútù tí iṣẹ́ náà yóò bá pàdé, a ó sì jẹ́ kí òòlù ńlá tí a so rọ̀ láti òkè fì wá lù ú. Irin tí ó yi yóò gba agbára púpọ̀ kúrò lọ́wọ́ òòlù, òòlù kò sì ní fì lọ jìnnà ní ìhà kejì. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹgẹ́, òòlù yóò là á kọjá bí ẹni pé kò rí i. Púpọ̀ nínú irin tí a fi kan àwọn ọkọ̀ tí ó sán nígbà ogun kì bá tí yege níbẹ̀.

Èsì gbogbo ìwọ̀nyí ni a ń kọ sínú ìwé kejì, èyí tí í ṣe ìwé ẹ̀rí ìdánwò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì a máa da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ìwé ẹ̀rí ń sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan, níbi kan, sí irin kan. Kò sí ẹni tí ó láṣẹ láti yí ohun tí a rí lọ́jọ́ náà padà, gẹ́gẹ́ bí a kò ti lè yí ọjọ́ ìbí ènìyàn padà. Ìwé ìlànà ń sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ máa ṣe. Òun ni a ń fún ajórinmọ́rin, a sì lè tún un kọ, níwọ̀n ìgbà tí ìwé ẹ̀rí bá ṣì ń ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun mìíràn kò ṣeé yí padà bẹ́ẹ̀ láìtún ìdánwò ṣe. Irú irin jẹ́ ọ̀kan. Sísanra rẹ̀ jẹ́ òmíràn: irin ìdánwò mìlímítà 12 ń fún ni láṣẹ láti jó irin tí ó sanra láti mìlímítà 5 títí dé 24, kò sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá dín ooru tí a fi ń yá irin kù ju 55 dígírì lọ, ìdánwò titun dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé bí a ti gé etí irin dà ni a yí padà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán yìí, a ó kàn tún ìwé ìlànà kọ ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà ISO tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15614 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà inú rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, èrò inú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ìlànà lè dára kí ọwọ́ má dára. Nítorí náà, ajórinmọ́rin fúnra rẹ̀ ní ìdánwò tirẹ̀. Jíjó irin tí ó sùn sílẹ̀ kò ṣòro púpọ̀, nítorí adágún irin yóò dúró jẹ́jẹ́. Bí irin bá wà lókè orí, adágún náà yóò fẹ́ já lé òṣìṣẹ́ lórí. Èyí tí ó le jù ni tí a ń pè ní 6G: ọ̀pá onihò tí a dè dà sí 45 dígírì, tí kò gbọdọ̀ yí. Ajórinmọ́rin ni yóò máa yí i ká, tí yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò nà, tí yóò fi orí wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá yege níbẹ̀ ti gba àṣẹ fún gbogbo ìdúró yòókù. Síbẹ̀, bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò fi irú iná bẹ́ẹ̀ jó irin, àṣẹ náà kú.

Ẹni tí ó bá rò pé àlámọ̀rí ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí, kí ó ronú lọ sí Ìtókí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Badagry wọ inú òkun, ó kọjá lẹ́bàá ilẹ̀ Benin àti Togo dé Takoradi ní ilẹ̀ Gánà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, nínú èyí tí 569 wà lábẹ́ òkun. Bí a bá fojú bu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí mítà 12, oríkèé tí ó wà nísàlẹ̀ òkun yẹn nìkan ju 47,000 lọ. Ojú ènìyàn kò tún ní kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn mọ́ láéláé.

A kò lè sẹ́ pé àwọn kan ń sọ gbogbo nǹkan yìí di ìwé lásán. Wọ́n a máa da ìwé ilé-iṣẹ́ kan kọ fún òmíràn, wọ́n a kó o sínú àpótí, wọ́n a sì mú un jáde nígbà tí ayẹ̀wò bá dé, bẹ́ẹ̀ ajórinmọ́rin tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò rí i rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ burú ju àìní ìwé lọ, nítorí ẹni tí kò ní ìwé yóò ṣọ́ra.

Èyí tí ó tún wọ́pọ̀ ni kí a kọ ìwé dáradára fún oríkèé ńlá, kí a sì fojú fo kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, ìjì ń jà lórí Òkun Àríwá, níbi tí àwọn ará Nọ́wè ti ń wa epo. Ilé ńlá kan tí ó ń léfòó lórí ẹsẹ̀ márùn-ún wà níbẹ̀, tí a fi orúkọ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn, Alexander L. Kielland, pè; àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé inú rẹ̀. Ènìyàn 212 ni ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Wọ́n gbọ́ ìró kan, ilé náà sì mì. Ẹsẹ̀ kan ti ya kúrò. Ilé náà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì tó ìdajì wákàtí tí ó fi dojú dé. Ènìyàn 123 ni ó kú.

Àwọn olùwádìí tọ ipa rẹ̀ dé ibi kékeré kan. Àwọn ọ̀pá ìdábùú ńlá ni ó so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ilé náà. Lára ọ̀kan nínú wọn ni a lu ihò sí, tí a sì jó ọ̀pá kékeré kan mọ́ ọn, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 325, kí a lè gbé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi lé e. Ọ̀pá kékeré náà kò gbé ẹrù kankan. Wọ́n kà á sí ohun èlò, wọn kò kà á sí egungun ilé, ìtọ́jú tí wọ́n sì fún ojú ìjó rẹ̀ kò tó ti egungun. Nígbà tí wọ́n wo ojú ibi tí ó sán, wọ́n bá ọ̀dà nínú rẹ̀. Ọ̀dà kì í wọ inú irin tí kò là. Ó ti sán kí wọ́n tó kùn ún ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n tó fà á jáde sójú òkun ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà ni ìgbì ti ń tẹ ọ̀pá ìdábùú náà lọ sẹ́yìn, bọ̀ síwájú, tí ibi sísán sì ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, títí ó fi yí i ká. Nígbà tí ó já, ọ̀pá márùn-ún yòókù tí ó di ẹsẹ̀ náà mú já tẹ̀ lé e ní kíákíá.

Ní iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀ lé òfin ìkòkò ẹ̀rọ lónìí, ohunkóhun tí a bá fẹ́ jó mọ́ ara ìkòkò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, gbọ́dọ̀ ní ìlànà tí a ti dán wò. Ìbáà jẹ́ ìkọ́ tí a fẹ́ fi gbé irin sókè fún wákàtí kan péré, tí a ó sì gé kúrò lẹ́yìn náà, a ó kọ nọ́ńbà ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tí ó jó o, a ó sì yẹ ojú ibẹ̀ wò nígbà tí a bá ti gé e tán.